Bí ẹ ṣe lè ṣe ọjọ́ ìbí ọ̀gá ẹnjiníà tó tọ́ yín sọ́nà, kí inú wọn dùn dénú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọ̀gá kan tó kọ́ yín níṣẹ́ ẹnjiníà, tó jókòó tì yín títí tẹ́ ẹ fi mọ dírọ́ìn kà, tó fi bírò pupa fa igi sí ìṣirò yín láìmọye ìgbà, tí wọ́n ṣì máa ń gbé fóònù yín títí dòní tí iṣẹ́ bá dojú rú, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ọjọ́ ìbí wọn ń bọ̀, ẹ sì fẹ́ ṣe nǹkan gidi, àmọ́ ẹ ò mọ ibi tẹ́ ẹ máa ti mú un. Ẹ jẹ́ ká tò ó ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an, torí ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá kó èèyàn jọ nítorí ẹni tó ti fi ogójì ọdún kọ́ àwọn ẹlòmíì níṣẹ́, tí gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ níbẹ̀ wá jẹ́ irú èyí tí wọ́n lè sọ nípa ẹnikẹ́ni.

Ohun tó ṣe kókó jù, kí n yáa sọ ọ́ báyìí: ohun tí ẹni tó kọ́ni níṣẹ́ ń fẹ́ gbọ́ jù ni ibi tí ohun tí wọ́n fi kọ́ni dé. Tẹ́ ẹ bá sọ pé èèyàn dáadáa ni wọ́n, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á dúpẹ́, ó tán. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá sọ fún wọn pé bí wọ́n ṣe kọ́ yín láti máa kọ́kọ́ fi ọwọ́ ṣírò nǹkan kẹ́ ẹ tó gba ohun tí kọ̀ǹpútà sọ gbọ́, òun lẹ fi rí àṣìṣe kan mú nínú iṣẹ́ afárá kí wọ́n tó da kọnkéré sí i, ẹ wo ojú wọn nígbà yẹn. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó kù, orí ìyẹn ni mo gbé e kà.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wádìí ọjọ́ náà, kẹ́ ẹ sì wádìí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe é fún

Ọjọ́ tó wà nínú ìwé ilé iṣẹ́ lè máà jẹ́ èyí tí àwọn ará ilé wọn mọ̀, pàápàá tó bá jẹ́ àgbàlagbà. Ẹ bi ọkọ tàbí ìyàwó wọn, ẹ bi ọmọ wọn, tàbí ẹni tó ń bá wọn ṣe akọ̀wé. Bẹ́ ẹ ṣe ń bèèrè ọjọ́, ẹ bèèrè bóyá wọ́n tiẹ̀ ń ṣe ọjọ́ ìbí. Àwọn kan wà tí ìgbàgbọ́ wọn ò fàyè gbà á, àwọn kan wà tó jẹ́ pé àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n pàdánù èèyàn wọn, àwọn kan wà tó kàn jẹ́ pé ojú máa ń tì wọ́n tí èrò bá pọ̀. Ẹ má fi tipátipá ṣe é fún wọn o, ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ yẹ́ sí ò gbọ́dọ̀ máa wá ọ̀nà tó máa gbà sá lọ.

Tí ọjọ́ ìbí ò bá bá wọn lára mu, ẹ lè lo ọjọ́ mìíràn. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ni Ọjọ́ Ẹnjiníà Àgbáyé, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti àṣà, ló kéde rẹ̀ ní 2019, 2020 sì ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Kódà àwọn ẹnjiníà kan wà tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń bá ṣe ọjọ́ ìbí wọn: ní Íńdíà, ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ni Ọjọ́ Àwọn Ẹnjiníà, ọjọ́ ìbí M. Visvesvaraya sì ni, ọkùnrin tó ṣe iṣẹ́ dáàmù àti iṣẹ́ omi tí wọn ò lè gbàgbé. Ní Amẹ́ríkà náà, láti 1951 ni wọ́n ti ń ṣe Ọ̀sẹ̀ Àwọn Ẹnjiníà, ìgbà ọjọ́ ìbí George Washington ni wọ́n fi í sí, torí pé iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni ọkùnrin náà ṣe nígbà èwe rẹ̀. Torí náà kò sí ohun tó burú nínú kẹ́ ẹ pè wọ́n ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta kẹ́ ẹ sọ pé ọjọ́ tiwọn la fẹ́ ṣe.

Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá pé 60 tàbí 70 o. Ọdún 53 náà dára, ọdún 67 náà dára, ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ fún wọn, ẹ sọ ọ́ nígbà tí etí wọn ṣì ń gbọ́ ọ.

Ti àkókò, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe ìwé, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú. Tó bá jẹ́ fídíò nìkan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè tó. Tó bá sì jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù, ẹ fi ìwé àti fídíò sílẹ̀, ẹ lọ sí Ìgbésẹ̀ 3, ẹ gba lẹ́tà márùn-ún tó lójú, ẹ tẹ̀ wọ́n sórí pépà tó dára, ẹ gbé e lọ fún wọn. Ìyẹn náà tó.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yan ẹni tó máa darí ẹ̀, kẹ́ ẹ sì yanjú ọ̀rọ̀ owó ní kùtùkùtù

Ẹnìkan ni kó jẹ́ olórí, kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta ràn án lọ́wọ́. Tó bá ti di pé gúrúùpù WhatsApp ẹni ọgọ́ta ló fẹ́ máa pinnu àwọ̀ tí èèpo ìwé máa ní, ẹ ò ní parí ẹ̀ láéláé. Olórí yẹn ló máa kọ orúkọ gbogbo ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ kàn sí sílẹ̀ àti ọjọ́ tí kálukú dáhùn, òun ló sì máa ń rán èèyàn létí láì bínú.

Owó ńkọ́? Ẹ má dá iye kan lé ẹnikẹ́ni lórí. Nínú àwọn tó gba abẹ́ ọ̀gá yìí kọjá, àwọn kan ti di aláṣẹ ilé iṣẹ́, àwọn kan ò tíì ríṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ tí ò lówó lọ́wọ́ rò pé òun ò lè dúpẹ́. Ẹ sọ ọ́ kedere pé ẹni tó bá kọ lẹ́tà ti ṣe tiẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ dá owó, kó fi ránṣẹ́ sí ẹnìkan ṣoṣo tó máa kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, tó sì máa fi àkọsílẹ̀ náà han gbogbo yín nígbà tó bá parí. Iye tí kálukú dá ò gbọ́dọ̀ hàn nínú ìwé ọ̀gá rárá.

Nǹkan kan wà tí àwọn èèyàn máa ń fojú fò, ó sì lè kó bá ọ̀gá gan-an. Tó bá jẹ́ pé àwọn ló ṣì ń fún yín ní máàkì, tàbí àwọn ló ń pinnu ẹni tó máa gba ìgbéga, tàbí ẹ̀yin jẹ́ kọngílá tó ń wá iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ síwèé, ẹ̀bùn olówó ńlá látọ̀dọ̀ yín lè dà bí owó ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ní òfin nípa ẹ̀bùn, àwọn kan ní iye tí ẹ̀bùn ò gbọ́dọ̀ kọjá, àwọn kan ní kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì tó ń rí sí i kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀. Lẹ́tà, ìwé ìrántí àti fọ́tò, ìyẹn kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀, àwọn náà sì ni ẹ̀bùn tó dára jù.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tí wọ́n kọ́

Ibí gan-an niṣẹ́ wà, tẹ́ ẹ bá ṣe ibí dáadáa, tí ìyókù ò tiẹ̀ rí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́, inú wọn á dùn.

Ẹ kọ́kọ́ kọ orúkọ sílẹ̀. Àwọn tó máa wá sí yín lọ́kàn kíákíá ni àwọn ẹnjiníà ńláńlá, ìyẹn ò burú, àmọ́ ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹ wá àwọn tó ń jó irin, àwọn tó ń gé irin lórí ẹ̀rọ lathe, àwọn tó ń ya dírọ́ìn, awakọ̀ tó ń gbé wọn lọ sí sáìtì, ẹni tó ń tọ́jú ilé ẹ̀rọ lóru. Ẹnjiníà tó mọṣẹ́ mọ̀ pé lọ́dọ̀ àwọn wọ̀nyí lòun náà ti kọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan, tí wọ́n bá sì rí orúkọ irú èèyàn bẹ́ẹ̀ nínú ìwé, ó máa ń wọ̀ wọ́n lára ju orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n lọ. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ, ẹ pè é lórí fóònù, ẹ gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀, ẹ bá a kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ẹ má tún èdè ẹ̀ ṣe.

Ẹ wá àwọn tó ti kúrò nínú iṣẹ́ náà pẹ̀lú. Ẹni tó ń tajà báyìí àmọ́ tó ṣì ń kọ gbogbo nǹkan sínú ìwé kékeré bí ọ̀gá ṣe kọ́ ọ, ẹ̀rí tiẹ̀ lágbára.

Tẹ́ ẹ bá ní kí èèyàn ṣáà kọ nǹkan nípa ọ̀gá, ohun tẹ́ ẹ máa rí gbà ni pé ọ̀gá wa dára, wọ́n ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀, kí Ọlọ́run fún wọn ní ẹ̀mí gígùn. Àdúrà dáadáa ni, a ṣe àmín, àmọ́ a ò tíì gbọ́ nǹkan kan nípa ọ̀gá. Torí náà ìbéèrè ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, ìbéèrè tí ẹnu ẹ̀ mú. Irú èyí:

Iṣẹ́ wo lẹ wà nídìí ẹ̀, ọdún wo, nígbà tí wọ́n kọ́ yín ní nǹkan tẹ́ ò lè gbàgbé?
Kí lẹ fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó dá yín dúró, kí sì nìdí tí wọ́n fi ní kẹ́ ẹ má ṣe é?
Kí lẹ̀ ń ṣe lẹ́nu iṣẹ́ yín lónìí tó jẹ́ pé ọwọ́ wọn lẹ ti rí i?
Ta lẹ̀yin náà ti fi kọ́?
Gbólóhùn wo ni wọ́n máa ń sọ ṣáá, tó ṣì máa ń dún sí yín létí?

Ìbéèrè kẹrin yẹn, ẹ má yọ ọ́ o. Ìdáhùn ẹ̀ lẹ máa fi ya igi ìdílé iṣẹ́, tí orúkọ ọ̀gá máa wà nídìí, tí àwọn tí wọ́n kọ́ máa jẹ́ ẹ̀ka, tí àwọn tí àwọn yẹn náà kọ́ máa wà lórí ẹ̀ka. Ẹ wo Henry Maudslay, ọ̀gá àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ní London, tí wọ́n bí ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ 1771. Lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọkùnrin yìí ni Joseph Whitworth gbà kọjá, ẹni tó gbé ìwọ̀n kan náà kalẹ̀ fún eyín bóòtù àti nọ́ọ̀tì ní 1841, kó tó di pé irú ẹ̀ wọ́pọ̀, kálukú ló ń gé tiẹ̀ bó ṣe wù ú. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ náà ni James Nasmyth tó ṣe òòlù ńlá tí oruku omi gbígbóná ń gbé sókè gbà kọjá, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni Richard Roberts àti Joseph Clement náà ti ṣiṣẹ́. Èèyàn lè ka gbogbo ẹ̀rọ tí Maudslay fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ya àwọn orúkọ wọ̀nyí sórí pépà kan, ìgbà yẹn lẹ máa rí bí ọwọ́ ọkùnrin náà ṣe gùn tó. Ọ̀gá tiyín náà ní irú igi bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má tíì yà á fún wọn rí.

Tí lẹ́tà bá ti ń wọlé, olórí gbọ́dọ̀ kà á, kó sì padà bèèrè ọ̀rọ̀. Ẹnìkan kọ ọ́ pé ọ̀gá kọ́ òun ní sùúrù, ẹ bi í pé sùúrù lórí kí ni, nígbà wo. Ó lè wá sọ pé ẹ̀rọ kan ń gbọ̀n, gbogbo èèyàn ti fẹ́ pààrọ̀ bearing, ìyẹn ohun tó ń gbé ọ̀pá ẹ̀rọ dúró bó ṣe ń yí, ọ̀gá ní kí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, kí wọ́n wo bóyá ọ̀pá ẹ̀rọ náà àti ti mọ́tò wà lórí ìlà kan, bí wọ́n ṣe rí i nìyẹn pé ìdí tí ẹ̀rọ gbé jókòó ló ti yẹ̀. Ẹ ẹ́ rí i pé èyí kúrò ní sùúrù lásán, ó ti di ọ̀gá gan-an tó dúró síwájú wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá wọn kọ lẹ́tà náà. Gbólóhùn mẹ́ta tó jáde látinú ẹni dára ju ojú ìwé méjì tó ń dán tí kò ní ẹni nínú.

Àwọn nǹkan kan wà tí olórí gbọ́dọ̀ yọ kúrò. Ìtàn ìjàǹbá tí ẹjọ́ ẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, ẹ yọ ọ́. Ìtàn tó máa dójú ti ẹlòmíì tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ yọ orúkọ onítọ̀hún tàbí kẹ́ ẹ yọ ìtàn náà pátápátá. Dírọ́ìn, ìwọ̀n, tàbí fọ́tò inú ilé iṣẹ́ oníbàárà tí ẹ fọwọ́ síwèé pé ẹ ò ní fi han ẹnikẹ́ni, ọjọ́ ìbí ò yọ yín nínú ìwé yẹn o, ẹ gba àṣẹ. Ẹ sì yẹ ọdún àti iye tó wà nínú lẹ́tà wò, torí ẹni tẹ́ ẹ ń kọ ọ́ sí máa ń rí àṣìṣe láti òkèèrè, tí ẹ bá pe afárá mítà 40 ní mítà 400 ibẹ̀ ni ojú wọn máa dúró sí.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ pa á pọ̀, ìwé tàbí fídíò

Èmi fẹ́ràn ìwé. Ìwé kì í nílò iná, ẹni tó bá ti dàgbà lè ṣí i wò láàárín òru tí oorun ò bá kùn ún, ọmọ ọmọ á bá a nílé. Kì í sì í ṣe nǹkan tuntun láàárín àwọn ẹnjiníà. Nígbà tí Stephen Timoshenko, ọ̀jọ̀gbọ́n ẹnjiníà tó kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, pé ọgọ́ta ọdún, àwọn ọ̀rẹ́ àti ọmọ ẹ̀kọ́ ẹ̀ kó iṣẹ́ ìwádìí tiwọn jọ sínú ìwé kan fún un, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1938. Wọ́n ṣe irú ẹ̀ fún Theodore von Kármán, ọ̀gá nínú ìmọ̀ ọkọ̀ òfúrufú, tí òun náà pé ọgọ́ta ní 1941. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: iṣẹ́ gidi tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ ni wọ́n gbé fún ọ̀gá, wọ́n ní ẹ wò ó, ibi tí ẹ bá wa débẹ̀ ni a ti ń bá a lọ. Tí ẹ̀yin bá jẹ́ ẹni tó ń ṣèwádìí, ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, àmọ́ irú ìyẹn ń gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ọ̀pọ̀ wa, lẹ́tà, fọ́tò àti igi ìdílé iṣẹ́ ti tó.

Àpẹẹrẹ kan tún wà tí mo fẹ́ràn jù. Michael Faraday ń kọ́ṣẹ́ dídi ìwé nígbà tó lọ gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Humphry Davy, onímọ̀ kẹ́mísírì tó lókìkí ní London, ní 1812. Ó kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀, ó ya àwòrán sí i, ó fọwọ́ ara ẹ̀ di í pọ̀ bí ìwé, ó fi ránṣẹ́ sí Davy. Ní oṣù Kẹta 1813 Davy gbà á síṣẹ́. Ẹni yìí ló wá ṣàwárí lẹ́yìn náà, ní 1831, ìlànà tí jẹnẹrétọ̀ àti transformer fi ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí Davy fúnra ẹ̀ sọ ni ọmọ náà gbé padà fún un. Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ṣì ní ìwé tó fi ń kọ nǹkan sílẹ̀ nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, tí ọ̀rọ̀ ọ̀gá wà nínú ẹ̀, tí bírò pupa wọn wà lára ẹ̀, ẹ scan ojú ewé yẹn, ẹ fi ṣe ojú ìwé àkọ́kọ́.

Ẹ scan ní 300 dpi (ìwọ̀n bí àwòrán ṣe mọ́ tó) ó kéré tán, kó má bàa ṣú tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ìwọ̀n A4 ti dára, ẹ fi àyè sílẹ̀ lápá ibi tí wọ́n máa ti rán an kó má gbé ọ̀rọ̀ mì. Ẹ lo lẹ́tà tó tóbi, 12 tàbí 13, ojú àgbà lẹ̀ ń kọ ọ́ fún. Abẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún, àti ọdún. Ẹ tẹ ẹyọ kan kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó tẹ ìyókù.

Ti fídíò, kí kálukú dá fóònù dùbúlẹ̀ gbọọrọ, kó kọjú sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ohùn ṣe pàtàkì ju àwòrán lọ, kò gbọ́dọ̀ sí fáànù tàbí jẹnẹrétọ̀ nítòsí. Ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ fídíò náà. Ìdí rèé: ọ̀pọ̀ ọ̀gá ẹnjiníà ló ti lo ayé wọn nídìí ẹ̀rọ, ariwo tó bá sì ti ń wọ decibel 85 (decibel ni wọ́n fi ń wọn ariwo) fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ máa ń ba etí jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n lè máa rẹ́rìn-ín nígbà tí gbogbo èèyàn bá ń rẹ́rìn-ín kó má sì jẹ́ pé wọ́n gbọ́.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ̀bùn, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi kún un

Ẹ wá nǹkan tó ti inú iṣẹ́ wọn wá. Dírọ́ìn àkọ́kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí, tẹ́ ẹ fi sínú férémù. Fọ́tò afárá tàbí ilé ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò bó ṣe rí lónìí tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan yìí máa ń wù mí gan-an. Tàbí ẹ̀yà ara ẹ̀rọ kan tí wọ́n ti yọ, tẹ́ ẹ gbé sórí igi tó dán. Ṣùgbọ́n ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ẹ̀rọ o, kódà kó ti di pàǹtí, torí ohun tí wọ́n gbé jáde láìsí ìwé, olè ni wọ́n ń pè é. Ẹ fọ epo kúrò lára ẹ̀, ẹ má sì mú èyí tí gasket àtijọ́ (ohun tí wọ́n fi ń dí ojú ibi tí irin méjì ti pàdé) wà lára ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní asbestos nínú, eruku ẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Tí ẹ bá fẹ́ fi laser kọ orúkọ wọn, irin tí kì í dípẹtà dára, aluminium tí wọ́n ti ṣe anodise, ìyẹn tí wọ́n fi iná mànàmáná fún ní èèpo líle, náà máa ń gba ọ̀rọ̀ dáadáa. Ẹ má gbé PVC, irú ike kan, sábẹ́ laser láéláé, èéfín tó ń jáde lára ẹ̀ ní ásíìdì nínú, ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì ń jẹ ẹ̀rọ náà. Tó bá jẹ́ 3D print, ẹ rántí pé PLA, ike tí wọ́n sábà máa ń lò fún un, máa ń rọ̀ ní nǹkan bíi 60°C, ẹ má fi sílẹ̀ nínú mọ́tò tó wà nínú oòrùn ní àárọ̀ ọjọ́ náà.

Tí ẹ bá sì rí owó tó pọ̀ díẹ̀ jọ, mo rò pé ohun tó dára jù ni kẹ́ ẹ fi san owó ilé ìwé ọmọ kan tó ń kọ́ ẹnjiníà, ní orúkọ wọn. Ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó lo orúkọ náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ irú ọmọ tí wọ́n fẹ́. Kẹ́ ẹ má sì kéde pé ọdọọdún ni tí owó tó wà nílẹ̀ bá jẹ́ ti ọdún kan.

Ìgbésẹ̀ 6: Ọjọ́ náà gan-an

Ẹ má ṣe é nínú wọ́kíṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀rọ ń yí. Mo mọ̀ pé ó wuni, ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ràn, àmọ́ kí wọ́n wọlé lójijì kí ogún èèyàn pariwo mọ́ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, ìjàǹbá ló ń pè. Tó bá gbọ́dọ̀ jẹ́ ibẹ̀, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ sọ fún ẹni tó ń bójú tó ààbò, kí gbogbo àlejò wọ bàtà àti akoto tó yẹ, kò gbọ́dọ̀ sí àbẹ́là níbi tí epo tàbí gáàsì bá wà. Bàlúùnù tó ń dán bí irin, ẹ yẹra fún un níta níbi tí wáyà iná wà, ó lè kan wáyà méjì pọ̀ kó sì mú iná lọ ní gbogbo àdúgbò. Ọjọ́ ìbí ẹnjiníà kọ́ ni irú ẹ̀ yẹ kó ti ṣẹlẹ̀.

Ṣé kẹ́ ẹ ṣe é ní ìyàlẹ́nu àbí kẹ́ ẹ sọ fún wọn? Èmi á ní kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀ ń bọ̀, kẹ́ ẹ wá fi ohun tó wà nínú ìwé ṣe ìyàlẹ́nu. Èèyàn tó ti fi gbogbo ayé ẹ̀ ṣe pláànù kì í sábà fẹ́ kí nǹkan já lu òun.

Wákàtí kan àbọ̀ ti tó. Ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún ni kó sọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta. Ní bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ láì sáré, ìṣẹ́jú mẹ́ta jẹ́ nǹkan bí ọ̀rọ̀ 400, torí náà ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kà á sókè nílé. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtàn ìgbésí ayé wọn láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n mọ̀ ọ́n. Ìtàn kan, ohun kan tí wọ́n kọ́ yín, ibi tó dé, ẹ kí wọn kú ọjọ́ ìbí, ẹ jókòó. Àbúrò tó kéré jù níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó sọ̀rọ̀, torí tí àwọn ńlá bá ti sọ̀rọ̀ tán ẹ̀rù á ti bà á. Kẹ́ ẹ sì fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀gá níkẹyìn, ẹ ti sọ fún wọn ṣáájú pé àyè wà tí wọ́n bá fẹ́, kì í ṣe dandan.

Àwọn tó wà lókè òkun ńkọ́? Ẹ kọ aago sílẹ̀ ní UTC, ìyẹn aago tí gbogbo ayé fi ń ṣe ìwọ̀n, pẹ̀lú aago ìlú kálukú. Aago mẹ́ta ọ̀sán UTC jẹ́ aago mẹ́jọ àbọ̀ alẹ́ ní Íńdíà, àwọn ìlú kan sì wà tó máa ń yí aago padà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Ẹ dán líǹkì wò ní ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹnìkan tí kò ní iṣẹ́ mìíràn jókòó ti kọ̀ǹpútà kó máa ṣí ohùn àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀, kí fídíò náà sì wà lórí kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìgbésẹ̀ 7: Kẹ́ ẹ tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó gbé fọ́tò wọn síta. Ẹ má kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún tí wọ́n bí wọn pa pọ̀ pẹ̀lú orúkọ kíkún, àwọn oníjìbìtì ń wá irú ẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn fọ́tò dáadáa, bóyá pátákó dírọ́ìn tàbí ojú kọ̀ǹpútà tí wọn ò fẹ́ kí èèyàn rí wà níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 8: Lẹ́yìn ọjọ́ náà

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ kó gbogbo ẹ̀ fún wọn: fídíò, lẹ́tà, fọ́tò àti ohùn tẹ́ ẹ gbà sílẹ̀, lórí fláàṣì kan, kí ẹ̀dà kejì wà lórí Google Drive tí ọmọ wọn kan lè ṣí. Ẹ fi PDF ìwé náà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó kọ lẹ́tà, pàápàá àwọn tí kò lè wá. Àwọn tí lẹ́tà wọn pẹ́ dé, ó máa ń ṣẹlẹ̀, ẹ má jù ú nù, ẹ tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ gbé e lọ fún ọ̀gá lọ́tọ̀. Bóyá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni, nígbà tí ariwo ti lọ, wọ́n á tún rí ẹnìkan gbà tó ń sọ ohun tó fi ẹ̀kọ́ wọn ṣe. Igi ìdílé iṣẹ́ yẹn náà, ẹ fi fáìlì ẹ̀ sílẹ̀ níbi tí ẹ ti lè tún un ṣe, torí ẹni tuntun á máa wọlé sí i, kẹ́ ẹ sì tẹ èyí tuntun fún wọn ní ọdún tó ń bọ̀.